Hótẹ́ẹ̀lì Ńlá, Hótẹ́ẹ̀lì Kékeré, Hótẹ́ẹ̀lì Ẹ̀bá Pápákọ̀ Òfuurufú: Èwo Ni Kí Ẹ Náwó Yín Sí l'Ékòó?

Bí oṣù Kẹsàn-án bá ti ń lọ sópin báyìí ni fóònù mi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn tó ń ti London àti Houston bọ̀ wá ṣọdún Kérésì nílé, àwọn tó fẹ́ ṣe àádọ́rin ọdún fún màmá wọn, àwọn ọmọ tó fẹ́ kí bàbá àti ìyá wọn fi ọjọ́ méjì sinmi kúrò nínú ariwo ilé: ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí. "Ẹ̀gbọ́n, hótẹ́ẹ̀lì wo ló dáa jù l'Ékòó?" Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá ènìyàn gba yàrá, n kì í sì í fi àlejò síbi tí èmi fúnra mi ò tíì sùn, tí mi ò tíì jẹun.

Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn rèé. Bí owó yàrá bá ti ga dé ìwọ̀n kan, ibùsùn gbogbo wọn ló rọ̀. Omi gbígbóná wà, amúlétutù ń ṣiṣẹ́, bí iná bá sì lọ, jẹnẹrétọ̀ á ti gbà á kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ènìyàn lẹ ń fi ìyókù owó yín rà níbẹ̀: bí wọ́n ṣe kí yín, bí wọ́n ṣe tètè dá yín lóhùn, ohun tí wọ́n ṣe nígbà tí nǹkan wọ́, àti ọwọ́ tó wà ní kíṣìnnì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yàtọ̀ síra.

Àwọn tí mo fẹ́ fi wéra

Hótẹ́ẹ̀lì ńlá ni irú Eko Hotel, ní Adetokunbo Ademola, Victoria Island. Láti 1977 ló ti wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ka gbogbo ilé tó wà nínú ọgbà náà pọ̀, yàrá wọn lé ní 800, gbọ̀ngàn ìnáwó wọn sì ń gba ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ènìyàn. Ilé oúnjẹ inú ọgbà náà ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ: ẹ lè jẹ oúnjẹ Ṣáínà lónìí, kí ẹ gun lífítì lọ sí Sky Restaurant lókè téńté lọ́la.

Hótẹ́ẹ̀lì kékeré ni irú The Wheatbaker ní Ìkòyí. Yàrá 65 péré ni, ọdún 2011 ni wọ́n ṣí i, iṣẹ́ ọnà àwọn ọmọ Nàìjíríà ló sì kún ara ògiri rẹ̀. Láàárín ńlá àti kékeré ni Radisson Blu Anchorage wà, lójú ọ̀nà Ozumba Mbadiwe, tó kọjú sí ọ̀sà.

Ní Ìkẹjà, Sheraton wà lójú Mobolaji Bank Anthony láti 1985, Marriott sì dé GRA ní 2021 pẹ̀lú yàrá 250. Pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed ò jìnnà sí méjèèjì.

Ìkíni àti ìtọ́jú

Ní hótẹ́ẹ̀lì ńlá, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ń gba yín. Ẹnì kan á gbé ẹrù yín, ẹlòmíì á gba orúkọ yín, ẹlòmíì á mú yín dé ẹnu yàrá. Ó yá, ó sì mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá nílò ohun tí kò sí nínú ètò wọn, láti ọwọ́ dé ọwọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yín á máa lọ.

Mo mú ìyá kan tó ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin lọ sí irú ilé ńlá bẹ́ẹ̀ nígbà kan, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá, màmá fẹ́ omi gbígbóná tí wọ́n á fi lo oògùn, kẹ́tù inú yàrá ò ṣiṣẹ́. A tẹ nọ́ńbà kan, wọ́n ní ká tẹ òmíì. Ẹni tó gbé èkejì ní òun á rán ènìyàn sí wa. Ogójì ìṣẹ́jú kọjá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá gbé kẹ́tù tuntun lọ́wọ́, kò mú omi dání. Ó ní ká bu ti ẹ̀rọ ilé ìwẹ̀ sí i. Màmá wò ó, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé omi ilé ìwẹ̀ nìwọ náà á fún ìyá rẹ mu?" Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sáré jáde, ó sì gbé omi inú ìgò dé pẹ̀lú ife àti ṣíbí. Inú rẹ̀ dára, ọmọlúàbí ni. Àwọn tó gbà á síṣẹ́ ni ò kọ́ ọ.

Nígbà tó di ọdún kejì, mo fi màmá kan náà sí hótẹ́ẹ̀lì kékeré kan. Alẹ́ àkọ́kọ́, màmá béèrè omi gbígbóná, àwọn òṣìṣẹ́ sì gbé e wá. Alẹ́ kejì, a ti ibi àṣeyẹ dé, fúláàsì ti wà lórí tábìlì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, tówẹ́lì pélébé kan wà lábẹ́ rẹ̀ kí ó má baà ba igi tábìlì jẹ́, ife wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì da ojú ife náà dé. Ẹnikẹ́ni ò béèrè. Màmá jókòó sórí ibùsùn, wọ́n ń wo fúláàsì yẹn, wọ́n ní, "Wọ́n rántí mi." Títí dòní, bí wọ́n bá ń ròyìn ìrìn àjò yẹn, ọ̀rọ̀ fúláàsì ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ.

Kò túmọ̀ sí pé kékeré ló dára jù nígbà gbogbo. Bí àlejò yín bá jẹ́ ogójì, tí ọkọ̀ òfuurufú wọn ń balẹ̀ ní wákàtí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, hótẹ́ẹ̀lì oníyàrá 65 ò ní lè gba gbogbo wọn mọ́ra. Ẹni tó ń dá nìkan ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà lálẹ́ á kàn rẹ̀ ni.

Ohun kan wà tó ń dun àwọn àgbà wa gan-an. Wọ́n ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ hótẹ́ẹ̀lì pé kí wọ́n máa fi orúkọ pe àlejò, kí inú àlejò lè dùn. Ó ń dùn mọ́ òyìnbó nínú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ọdún méjìlélógún bá wo ojú kọ̀ǹpútà, tó ní "Good morning, Fọláṣadé" sí ẹni tó ti ní ọmọ-ọmọ mẹ́jọ, ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́, kò sí bùfẹ́ẹ̀ tó lè tún un ṣe. Bí ẹ bá ń gba yàrá fún òbí yín, ẹ má fi àyè oyè sílẹ̀ lófìfo. Ẹ kọ Chief, Alhaja, Mrs tàbí Deaconess síbẹ̀, ẹ sì fi orúkọ ìdílé nìkan sí ibi tí wọ́n bá gbà yín láyè. Ohun tó bá hàn lójú kọ̀ǹpútà ni wọ́n á pè. Nípa èyí, Ìkẹjà sábà máa ń dùn mọ́ mi: ẹ ó gbọ́ "Ẹ káàbọ̀ mà, ẹ kú ìrìn" lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó gbọ́ òyìnbó.

Oúnjẹ: ẹ wo àkàrà, ẹ má ka iye àwo

Bùfẹ́ẹ̀ àárọ̀ ní hótẹ́ẹ̀lì ńlá gùn bí ọ̀nà. Ẹyin rèé, sọ́séèjì rèé, iṣu díndín, mọ́ínmọ́ín, búrẹ́dì oríṣiríṣi, èso. Ojú á kọ́kọ́ yó. Ṣùgbọ́n ẹ lọ síbi àkàrà. Bí ẹnì kan bá dúró ti epo gbígbóná, tó ń dín in lójú yín, ẹ ti jẹun nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé inú àwo onídèérí ni àkàrà wà láti aago mẹ́fà ààbọ̀, tó ń làágùn níbẹ̀, tí ara rẹ̀ ti rọ̀ bí fóòmù, ẹ yí padà síbi ẹyin, nítorí ẹyin ni wọ́n ṣì máa ń dín lójú ẹni. Ògì náà ní àmì tirẹ̀: bó bá ti ń ya awọ lójú, ó ti pẹ́ lórí iná.

Ìgbà tí mo máa ń fi dán wọn wò ni nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú sí àsìkò tí wọ́n á kó bùfẹ́ẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ibi tó bá ṣì ń fi nǹkan kún àwo nígbà yẹn, ẹ gbà á gbọ́. Ibi tí wọ́n ti ń kó ṣíbí, tí wọ́n ń wo yín bíi pé ẹ ń dá wọn dúró, a jẹ́ pé owó yín kéré lójú wọn.

Hótẹ́ẹ̀lì kékeré sábà máa ń se ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹ ó dúró, nígbà míì ó tó ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n, ṣùgbọ́n gbígbóná ló ń dé, ẹ sì lè ní kí wọ́n má fi ata sí i, tàbí kí wọ́n din iyọ̀ kù fún bàbá tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò rọrùn láti rí irú ìyẹn gbà nídìí bùfẹ́ẹ̀.

Lálẹ́, ẹ bi wọ́n léèrè ìyàtọ̀ tó wà láàárín iyán gígún àti iyán oníyẹ̀fun. Ọ̀pọ̀ kíṣìnnì hótẹ́ẹ̀lì, yẹ̀fun ni wọ́n ń rò lórí iná, wọ́n á sì kọ "pounded yam" sínú mẹ́nù. Kò burú bí ẹ bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹfọ́ rírò àti ẹja tútù ni mo máa ń fọkàn tán jù níbẹ̀, pàápàá pẹpẹsúùpù ẹja, nítorí kò ṣeé fi pamọ́ títí.

Bó bá jẹ́ ibi tí ọkàn ti ń balẹ̀ ni ẹ ń wá, ẹ lọ sí Surface Bar & Grill ní etí omi Radisson ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ń rọ̀ sórí ọ̀sà. Ẹ wọ ohun tó bo ẹsẹ̀, ẹ̀fọn ń gbé ibi omi. Sky Restaurant yẹ fún ẹni tó fẹ́ wo iná Èkó láti òkè. Ẹ sọ tẹ́lẹ̀ pé ìdí fèrèsé ni ẹ fẹ́ jókòó, ká má sọ pé ẹ gun òkè lọ wo ògiri.

Ẹ má ní kí wọ́n gbé ohun díndín wá bá yín ní yàrá. Láti kíṣìnnì dé ẹnu ọ̀nà yín, abẹ́ ìdérí irin ni dọ̀dọ̀ yẹn ń gbé, omi á sì ti rọ ọ́. Ọbẹ̀ àti ìrẹsì ló lè rin ìrìn yẹn.

Owó tí kò hàn lójú kìíní

Bí wọ́n bá kọ iye yàrá, tí ẹ rí àmì ròpọ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ báyìí, ++, iye yẹn ò tíì pé. VAT jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti oṣù Kejì 2020. Ìpínlẹ̀ Èkó ní owó orí tirẹ̀ lórí hótẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ, ìdá 5. Owó iṣẹ́ tí hótẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ń gbà sábà máa ń jẹ́ ìdá 10. Ká sọ pé wọ́n pe yàrá ní ₦200,000 ++: ₦20,000 owó iṣẹ́, ₦15,000 VAT, ₦10,000 ti ìpínlẹ̀. Ó di ₦245,000 lóru kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni lórí oúnjẹ. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi wọ́n: "Èló ni máa san tán pátápátá?" Níwọ̀n ìgbà tí owó iṣẹ́ sì ti wà nínú ìwé owó, kò pọn dandan kí ẹ tún fún ẹnikẹ́ni lówó. Bí ẹnì kan bá ṣe yín dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi sí.

Owó ìdógò tún wà, èyí tí wọ́n ń gbà kí ẹ tó wọ yàrá. Ibì kan wà tí wọ́n dá tèmi padà lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kàndínlógún, lẹ́yìn ìpè márùn-ún. Láti ìgbà yẹn, mo máa ń gba orúkọ ẹni tó gba owó náà àti ọjọ́ tí yóò dá a padà, ní kíkọ sílẹ̀. Ẹ̀yin tó ń bọ̀ láti òkèèrè, bí ẹ bá fi káàdì ibẹ̀ san án, iye tó máa padà sọ́dọ̀ yín lè dín nítorí pàṣípààrọ̀ owó. Owó náírà ló dáa láti fi san ìdógò.

Ta ló yẹ kó lọ síbo?

Bó bá jẹ́ pé Eko Hotel ni ìnáwó fúnra rẹ̀ ti máa wáyé, ẹ sùn síbẹ̀. Kí ìyá ọlọ́jọ́ ìbí lè gun òkè lọ pààrọ̀ gèlè, kó sinmi wákàtí kan, kó tún sọ̀ kalẹ̀, ó ju gbogbo owó tí ẹ fẹ́ fi pamọ́ lọ. Fún òbí méjì tó fẹ́ sinmi, Ìkòyí, hótẹ́ẹ̀lì kékeré, láìsí iyèméjì. Fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń gbéra ní kùtùkùtù, Ìkẹjà. Kí ẹ sì sọ fún wọn lálẹ́ pé kí wọ́n di oúnjẹ àárọ̀ yín sínú páálí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sùn ní Ìkẹjà kí ẹ sì máa lọ jó ní Victoria Island ní ìrọ̀lẹ́ Friday. Third Mainland Bridge ò ju kìlómítà 12 lọ, ṣùgbọ́n mo ti rí ọlọ́jọ́ ìbí tó sun ekún lórí rẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Bí owó ò bá tó fún yàrá, ẹ sùn síbi tí owó rẹ̀ kéré díẹ̀, kí ẹ lọ jẹun alẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ní ibi ńlá. Kò sẹ́ni tó ń béèrè kọ́kọ́rọ́ yàrá lọ́wọ́ ẹni tó wá jẹun.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ pe hótẹ́ẹ̀lì náà ní aago mẹ́wàá alẹ́, nígbà tí ọ̀gá ti lọ sílé. Ẹ béèrè bóyá gígún ni iyán wọn. Mo pe mẹ́rin lọ́sẹ̀ tó kọjá nítorí bàbá kan tó ń bọ̀ láti Manchester. Ọ̀kan ò gbé e. Ọ̀kan ní kí n lọ wo mẹ́nù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan ní "Yes ma, everything is available." Ẹkẹrin ní, "Ẹ dúró díẹ̀ mà, ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n ní kíṣìnnì." Mo gbọ́ tó fi fóònù lélẹ̀, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó dé, ó ní, "Ọjọ́ Sunday nìkan la máa ń gún un mà. Bí bàbá bá fẹ́ ẹ lọ́jọ́ mìíràn, ẹ kàn sọ fún wa láàárọ̀." Ibẹ̀ ni mo gba yàrá náà sí.