TP-Link TL-WN725N: Wi-Fi kékeré fún láptọ́ọ̀pù tí tirẹ̀ ti kú

Bí káàdì Wi-Fi inú láptọ́ọ̀pù yín bá ti kú, ohun kékeré tí wọ́n ń kì bọ ojú USB yìí tó rà. Kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ; ẹ lè fi sílẹ̀ lójú USB kí ẹ sì gbé láptọ́ọ̀pù sínú báàgì.

Windows 10 sábà máa ń dá a mọ̀ fúnra rẹ̀. Bí kò bá dá a mọ̀, ẹ wo ara rẹ̀ bóyá V1, V2 tàbí V3 ni, torí dráífà wọn (ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lò ó) lè yàtọ̀. Ẹ fi fóònù wa èyí tó bá a mu jáde láti ojúewé TP-Link, kí ẹ fi wáyà gbé e wọ láptọ́ọ̀pù.

Nínú ìgbì Wi-Fi méjì tó wọ́pọ̀, 2.4 GHz àti 5 GHz, 2.4 GHz nìkan ló mọ̀. Bí ráútà yín bá wà lórí 5 GHz nìkan, orúkọ rẹ̀ kò ní hàn rárá, ọ̀pọ̀ á sì rò pé ọjà ti bàjẹ́. Ẹ tan 2.4 GHz nínú sẹ́tìn ráútà, kí ẹ yan channel (ọ̀nà inú ìgbì náà) 1, 6 tàbí 11.

Tó bá ń já, ẹ ṣí Device Manager, Network adapters, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wọ Power Management, kí ẹ yọ àmì tó ń jẹ́ kí Windows pa á láti fi iná pamọ́. Ẹ gbé háàdì dísìkì USB 3.0 jìnnà sí i pẹ̀lú: ariwo rédíò tó ń tú jáde máa ń dí 2.4 GHz lọ́wọ́ gan-an.

150 Mbps ni ìyára tí wọ́n kọ sára páálí. Lójú iṣẹ́, kì í tó bẹ́ẹ̀. Ó tó fún ímeèlì àti ìpàdé Zoom. Ẹni tó ń gbé fáìlì ńláńlá, Archer T3U, ti TP-Link tó yára ju èyí lọ, ni kó rà.