Táímà àfọwọ́yí tí mo ti fi ń tún ilé ṣe láti oṣù mẹ́jọ

Ó kún ọwọ́ kan. Ike funfun ni, ó rí roboto, wọ́n kọ nọ́ńbà yí i ká láti 0 dé 60, irin òòfà kékeré kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó fi ń lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì. Kò lo bátìrì, kò lo iná. Tí èèyàn bá ti yí i, sípíríǹgì inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú díẹ̀díẹ̀, á máa dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, títí àkókò á fi pé tí agogo á dún. Gbogbo iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Oṣù kẹjọ rèé tí mo ti ń lò ó, mo sì lè fi gbogbo ẹnu sọ ọ́ pé nínú ohun gbogbo tí mo ti rà nítorí ìmọ́tótó ilé, àti mọ́ọ̀pù àti ọṣẹ olómi oríṣiríṣi, òun ló ṣe mí lóore jù.

Èmi ni mò ń tún ilé ṣe nílé wa. Iṣẹ́ alẹ́ ni ìyàwó mi ń ṣe. Ìgbà tí èmi àti àwọn ọmọ bá ń jáde láàárọ̀ ni òun ń wọlé, oorun ló sì máa ń kàn fún un. Ọmọ mẹ́ta la bí, àgbà wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́sàn-án. Kí n tó ra táímà yìí, Sátidé ni mo fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà pọ̀. Màá jí, màá fi àkísà kọ́ èjìká, màá bẹ̀rẹ̀ láti orí pẹpẹ, ó di ìrọ̀lẹ́ kí n tó fìdí kalẹ̀. Ilé á mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn á máa dùn mí, inú á sì máa bí mi sí ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ gbé bàtà wọ pálọ̀. Tí Sátidé kejì bá dé, ara mi kì í yá sí i mọ́. Màá fò ó, màá tún fò ó, títí ẹrù á fi ga lórí àga tí a ó sì máa ṣa aṣọ tí a fẹ́ wọ̀ láti abẹ́ ẹrù. Mi ò ya ọ̀lẹ. Iṣẹ́ tí kò ní ìparí ló ń bà mí lẹ́rù, mo sì rò pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìmọ̀ràn pé kí èèyàn yí aago kó sì fi ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣiṣẹ́ ti wà tipẹ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, Francesco Cirillo, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní Ítálì, mú táímà ilé ìdáná tó rí bíi tòmátì, ó ń fi ìṣẹ́jú 25 kàwé, ó ń fi 5 sinmi. Marla Cilley, obìnrin ará Amẹ́ríkà tí wọ́n mọ̀ sí FlyLady, sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ilé títúnṣe láti 1999: ìṣẹ́jú 15 lójú kan, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sì kọ́kọ́ fọ síńkì ilé ìdáná kó dán. Mo dán 25 wò, ó pọ̀ jù fún ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé. 15 ló bá mi mu, ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀ kí a tó jáde, ẹ̀ẹ̀kan lálẹ́ tí àwọn ọmọ bá ti wẹ̀ tán.

Nígbà tí mo ń rà á, mo rò pé yóò máa lé mi lọ síbi iṣẹ́ ni. Ohun tí mo rí yàtọ̀. Ó ń dá mi dúró, ìyẹn gan-an ni mo sì ti nílò láti ọjọ́ pípẹ́ wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe yé mi. Alẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ ní balùwẹ̀, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ síméńtì àárín táìlì. Omi ọṣẹ dúdú ń ṣàn bọ̀ lórí ọwọ́ mi, iṣẹ́ sì ti ń wọ̀ mí lára. Agogo dún. Ó ku ìlà kan ààbọ̀ kí n dé ẹsẹ̀ ìlẹ̀kùn. Mo ń fọ̀ lọ. Mo gbójú sókè, àkọ́bí wa ló dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé táímà dání.

"Dádì, ó ti dún."

"Mo gbọ́, ọmọ mi. Ó ku díẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé tó bá ti dún, ẹ ti ṣe tán."

Mo dìde. Mo fi omi ṣan ọwọ́, mo lọ jókòó tì wọ́n, a sì jọ ka ìwé kí wọ́n tó sùn, ohun tí mi ò ráyè ṣe fún ọjọ́ pípẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìlà náà ṣì wà níbẹ̀: apá kan funfun, apá kan dúdú, ààlà àárín wọn tọ́ bí ẹni fi rúlà fà á. Mo yí táímà, mo fọ ìyókù, kò gbà ju ìṣẹ́jú 4 lọ, mo sì fi 11 tó kù nu dígí àti ẹnu ẹ̀rọ omi. Àtìgbà náà ni mi ò ti bẹ̀rù balùwẹ̀ yẹn mọ́. Mo mọ̀ pé mo lè fi í sílẹ̀ láàbọ̀, kó sì dúró dè mí.

Ó tún kọ́ mi ní bí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó. Gbígbá pálọ̀ tí mo máa ń rò pé ó gba wákàtí kan, ìṣẹ́jú 6 ni. Kíká aṣọ tó gbẹ, agbọ̀n kan, 11. Abọ́ alẹ́ tí a bá fọ̀ lójú ẹsẹ̀ kì í tó 10, ṣùgbọ́n tó bá sùn mọ́jú tí oúnjẹ gbẹ mọ́ ọn, ó lè jẹ gbogbo 15 tán. Ohun tó mú kí n máa fọ abọ́ lálẹ́ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó wàásù rẹ̀ fún mi.

Ibì kan wà tí táímà yìí ti wúlò fún mi ju bí mo ṣe rò lọ: oògùn apakòkòrò àìfojúrí tí a ń lò ní balùwẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa máa ń fín in tán, ká nù ún kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Oògùn náà ní iye ìṣẹ́jú tó gbọ́dọ̀ fi wà ní tútù lójú ibi tí a fín in sí kó tó lè pa kòkòrò àìfojúrí. Wọ́n kọ ọ́ sí ara ìgò, òmíràn ìṣẹ́jú 1, òmíràn 10. A sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ìdọ̀tí kúrò níbẹ̀, torí oògùn kì í ráyè ṣiṣẹ́ lórí ìdọ̀tí. Nítorí náà, tí mo bá ti da tèmi sínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀, màá yí táímà, màá nu ìdérí àti ara ògiri kó tó dún. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí pé ó fẹ́ kó yá da bílíìṣì pọ̀ mọ́ fínígà tàbí amóníà. Gáàsì olóró ló ń jáde níbẹ̀, balùwẹ̀ kékeré tí kò ní fèrèsé kì í sì í ṣe ibi tí èèyàn ń fa irú rẹ̀ símú.

Ó ní àléébù. Àkọ́kọ́, tí ẹ bá yí i tààrà sí ìṣẹ́jú 5, ó lè máà dún rárá, tàbí kó dún ṣáájú àkókò. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí i kọjá 20 kí sípíríǹgì fi lè le, kí ẹ tó dá a padà síbi tí ẹ fẹ́. Ìwé kékeré inú páálí rẹ̀ sọ ọ́, èmi ni mi ò kà á. Èkejì, a kò lè dín ohùn rẹ̀ kù. Sátidé àkọ́kọ́ tí mo lò ó lọ́sàn-án, ó jí ìyàwó mi lẹ́yìn oorun wákàtí méjì péré, lẹ́yìn tó ti fi gbogbo òru dúró. Ó jáde wá, ó fọwọ́ ra ojú, ó ní, "Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí aago yẹn." Ó dùn mí. Láti ọjọ́ náà, àpò ṣòkòtò ni mò ń fi í sí tó bá ń sùn; ohùn rẹ̀ á wálẹ̀, màá sì mọ̀ ọ́n lára tó bá ń gbọ̀n. Òòfà rẹ̀ kò sì lágbára tó: ẹ̀ẹ̀mejì ló ti já bọ́ nígbà tí ọmọ ti ilẹ̀kùn fíríìjì gbàgà, etí rẹ̀ ti sán. Má sì jẹ́ kó bọ́ sómi.

Èèyàn lè ní fóònù ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Mo lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo máa ń fi ọwọ́ tútù gbé e láti pa á lẹ́nu mọ́, màá rí i pé ẹnì kan ti kọ̀wé sí mi, màá dá a lóhùn, abọ́ á sì tutù nínú síńkì. Táímà yìí kò ní ìròyìn kankan fún mi.

Ilé wa kò mọ́ bí ilé inú àwòrán. Eruku ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù tí mi ò tíì gùn dé láti oṣù tó kọjá, fèrèsé yàrá àwọn ọmọ sì ń retí mi. Ṣùgbọ́n àga ti ṣófo, a ń jókòó sórí rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé pẹ̀lú ẹni tí kì í fẹ́ gbọ́ ariwo, tàbí tí kẹ́-kẹ́-kẹ́ máa ń dà láàmú, kó wá èyí tó ń fi iná hàn dípò agogo. Ẹni tí iṣẹ́ ilé bá ti sú bó ṣe sú mi, kó ra irú èyí. Nọ́ńbà 15 tèmi ti ń pa rẹ́ níbi tí àtàǹpàkò mi máa ń tẹ̀. Mo fi bírò dúdú tún un kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá.