Wọ́n gbé páìpù gba abẹ́ títì, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ wọn yọ sí ìdí ìsọ̀ Ìyá Alákàrà

Ẹrẹ̀ aláwọ̀ eérú, tó kì bí ògì, ló ń ru jáde níbi tí ọ̀dà ti sán níwájú ìsọ̀ Ìyá Alákàrà, ní Sùúrùlérè níbí. Ó ta sínú abọ́ ẹ̀wà lílọ̀ tí Màmá gbé sílẹ̀. Igbe ta! Èmi ni mo gbé iṣẹ́ síta, torí mo fẹ́ fa omi láti bọ́hóòlù tó wà ní òdìkejì títì wá sí ilé búrẹ́dì mi, kò sì sẹ́ni tó máa jẹ́ kí n gbẹ́ ọ̀dà; ìyẹn ni mo ṣe pe àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lu ihò gba abẹ́ títì.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ bọ̀dá tó ń wa ẹ̀rọ, ó ti pa pọ́ńpù. “Ẹ má bínú, sà, bentonite ni, kì í ṣe májèlé.” Ó ní amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ omi ni, òun ni kì í jẹ́ kí ihò wó, òun náà ló ń ti iyẹ̀pẹ̀ jáde; bí wọ́n bá fún un le jù, á wá ojú ibi tó sán gòkè. Àlàyé dáa. Ẹ̀wà ńkọ́?

Mo pe ọ̀gá wọn tó gbowó lọ́wọ́ mi, kò gbé e. Nígbà tó gbé e, ó ní bí iṣẹ́ ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹ gbọ́ ìsọkúsọ!

Bọ̀dá yẹn ló dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, ó fi àpò iyanrìn sé ẹrẹ̀ náà, ó kó o sínú dúrọ́ọ̀mù kó tó wọ gọ́tà, ó sì san owó ẹ̀wà látinú àpò ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni inú mi ti rọ̀.

Ẹ wá wo àǹtí tó gbé ẹ̀rọ ìtọpa dání, tí ọkọ̀ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nǹkan kan wà lẹ́yìn orí irin tó ń lu ihò nísàlẹ̀, tó ń fi àmì ránṣẹ́ sí i láti sọ bó ṣe jìn tó. “Mítà kan ààbọ̀… méjì… ẹ gbé e sókè díẹ̀, bọ̀dá.” Orí irin náà dà gẹ́rẹ́ lápá kan: tí wọ́n bá ń yí i, á lọ tààrà, tí wọ́n bá tì í láìyí i, á yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bó ṣe yọ nínú kòtò kékeré ẹnu ọ̀nà mi gan-an nìyẹn! Mo pariwo bí ọmọdé. Wọ́n fẹ ihò náà, wọ́n sì fa páìpù dúdú wọlé. Omi ń dà wàràwàrà.

Ìwé àṣẹ LASIMRA, àjọ ìjọba Èkó tó ń fúnni láṣẹ irú iṣẹ́ yìí, èmi ni mo sáré rẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ka owó rẹ̀ mọ́ mi lọ́rùn. Rìsíìtì, mi ò tíì rí i. Ojú ọ̀dà tó sán ṣì wà bẹ́ẹ̀.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Àbúrò mi ní Múṣin ti gba nọ́ńbà wọn. Mo ní kó béèrè bọ̀dá àti àǹtí yẹn, kó má sì sanwó tán fún ọ̀gá.