Sítóófù kékeré alágolo tí wẹ́dà kan bá mi ṣe n'Ílọrin: bó ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ibi tó kù sí

Ẹ kú ìgbà yìí o ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn tó rí sítóófù kékeré yẹn lórí tábìlì mi níbi wòlímọ̀ tá a ṣe ní Ọ̀fà, ẹ ti bi mí títí, mo ní màá kọ ọ́ sílẹ̀, iṣẹ́ ni ò jẹ́. Òní ni mo wá ráyè, ẹ jẹ́ kí n sọ gbogbo ẹ̀ bó ṣe rí, torí owó mi ni mo fi ṣe é, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni polówó.

Iṣẹ́ olóúnjẹ ni mò ń ṣe, Tánkẹ̀ ni mò ń gbé, òpin ọ̀sẹ̀ tí ẹ ò bá bá mi n'Ílọrin, mo wà ní Ọ̀fà nìyẹn, tàbí Òmù-Àrán, tàbí Àjàṣẹ́ Ìpo. Gbogbo ẹni tó bá ń gbé oúnjẹ ròde ló mọ agolo jẹ́ẹ̀lì tá a máa ń tì sábẹ́ wọ́ọ̀mà kí ìrẹsì má baà tutù kó tó kan àwọn tó jókòó lẹ́yìn. Sípírítì ni nǹkan tó wà nínú ẹ̀, wọ́n kàn ṣe é tó fi dì bí ẹ̀kọ tútù ni, tẹ́ ẹ bá fi ṣíbí kàn án ẹ ó rí i pé ó ń gbọ̀n. Ó ti pẹ́ táyé ti ń lò ó o, ilé iṣẹ́ Sternau ní New York ló sọ ọ́ di ìlú mọ̀ọ́ká lórúkọ Sterno, nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, 1914 sí 1918, àwọn ará ilé ń rà á ránṣẹ́ sáwọn ọmọ wọn lójú ogun kí wọ́n lè fi gbé tíì kaná.

Ìṣòro tèmi ni pé òde kì í fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ tó kí agolo jó tán. Tá a bá palẹ̀ mọ́, ẹ ó rí agolo bíi mẹ́fà méje tó kù ààbọ̀, mi ò lè dà á nù, mi ò sì lè gbé ààbọ̀ agolo lọ síbi òde oníòde lọ́jọ́ kejì kó wá kú mọ́ mi lọ́wọ́ níwájú àlejò. Páálí kan ti kún nílé. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí òde tá a lọ tí màmá àgbàlagbà kan ò ní bèèrè omi gbígbóná, tàbí kí ìyá ọmọ kan fẹ́ po nǹkan fún ọmọ ẹ̀, gáàsì ńlá sì wà lẹ́yìn ilé, ìkòkò ọbẹ̀ ló wà lórí ẹ̀. Mo wá ní kí n wá nǹkan kékeré kan tí màá lè gbé agolo yẹn sí nínú, kí ìkòkò tíì jókòó lórí ẹ̀ dáadáa, kí n lè kì í bọ àpò.

Mo kọ́kọ́ ra ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó ń ká, ó rẹwà nínú fọ́tò. Nígbà tó dé, agolo wa ò wọlé sábẹ́ ẹ̀, àfi kí n fipá tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀ síta, bí mo sì ṣe gbé ìkòkò lé e báyìí ó yẹ̀. Omi gbígbóná ló dà sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, Ọlọ́run ló ní kì í ṣe ara ọmọ. Ọjọ́ yẹn ni mo gbà pé wẹ́dà ló máa ṣe tèmi.

Ọ̀nà Ọjà Ọba ni ṣọ́ọ̀bù bàbá yìí wà, mi ò ní dárúkọ wọn torí wọn ò ní kí n dárúkọ àwọn. Ilẹ̀kùn àti búrọ́gúlárì ni wọ́n sábà máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn mọ́. Mo gbé agolo kan àti ìkòkò tíì mi kalẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi ṣe nǹkan tí eléyìí máa wà lábẹ́, tí eléyìí máa wà lókè." Wọ́n yí agolo yẹn po yí po, wọ́n fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó ga tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà, ẹnu ẹ̀ fẹ̀ tó mẹ́jọ àtààbọ̀, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára irin, wọ́n ní kí n padà wá ní Tọ́sìdeè. (Wẹ́sìdeè ọ̀sẹ̀ kejì ló tó jáde, iná ò sí, mi ò bínú.)

Àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ yípo bí agolo Bọ́nfítà, ilẹ̀kùn kékeré wà níwájú tí wọ́n ń ti jẹ́ẹ̀lì wọlé, ọ̀pá irin mẹ́ta wà lókè. Ó wuyì lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tá a ṣáná sí i, tá a gbé ìkòkò lé e, iná yẹn jó díẹ̀, ó ń rẹlẹ̀, ó ń rẹlẹ̀, ó kú. Òórùn sípírítì ló kù. A tún ṣáná, ó tún kú. Bàbá bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo abẹ́ ìkòkò, wọ́n ní, "Ìyá Olóúnjẹ, ẹ ò rí i pé kò rí èémí mí ni? Ìdí ìkòkò ti dé e lẹ́nu." Lóòótọ́, ààyè tó wà láàárín ẹnu agolo àti ìdí ìkòkò ò ju ìka kan lọ.

Wọ́n gbé ọ̀pá yẹn sókè, ó wá tó ìka mẹ́rin. Iná wá ń jó dáadáa, àmọ́ ṣọ́ọ̀bù wọn ò ní ògiri níwájú, atẹ́gùn ń ti òpópónà wọlé, ẹnu ilẹ̀kùn yẹn ló gbà, ó ń tẹ iná yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìkòkò ń gbóná lápá kan, ó tutù lápá kejì. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, omi ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́. Bàbá bá mú irin, wọ́n dí gbogbo ẹ̀ pa yíká, wọ́n ní ká wò ó. Háà, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù! Agolo gbóná kọjá bó ṣe yẹ, sípírítì inú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ru, ọwọ́ iná ń yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ó ń wá sókè. Ọmọ iṣẹ́ wọn ló sáré fi páànù bò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbìyànjú ẹ̀ nílé, ẹ má dí i pa. Sípírítì ò nílò kó gbóná tó omi tó ń hó kó tó di ooru, ó ti ń hó ní bíi 78 lórí òṣùwọ̀n tí omi fi ń hó ní 100, bí agolo bá ti gbóná jù ó máa tú gbogbo ara ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni.

Ẹ̀kẹta ló bọ́ sí i. Bàbá gbé irin yẹn lé orí igi, wọ́n mú ìṣó àti òòlù, wọ́n ń lu ihò sí i nísàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń kà á, méjìlélógún ni, wọn ò lù kankan síbi tó kọjú sí ẹnu agolo gan-an, ìsàlẹ̀ nìkan, kí atẹ́gùn lè máa rọra wọlé lábẹ́ láìfẹ́ iná lójú. Lókè, wọ́n gé etí ẹ̀ ní ọ̀gbun ọ̀gbun bí eyín ayùn kí ooru tó ti ṣiṣẹ́ tán lè ríbi jáde. Wọ́n fi ààyè tó tó ìka méjì sáàárín agolo àti ìkòkò. Ilẹ̀kùn ò tì pa, ó ṣẹ́ kù díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣáná sí i báyìí, iná yẹn dúró ṣánṣán, búlúù ni, kò mì. Bàbá ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn jókòó lórí bẹ́ńṣì wọ́n ń wò ó, èmi náà ń wò ó.

Irin tí wọ́n fi ṣe é nìyí, ẹ fetí sí i dáadáa torí ó ṣe pàtàkì. Èmi ni mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n fi páànù tó ń dán yẹn ṣe é torí kì í dógùn-ún, bàbá ní rárá, wọ́n ní gálífánáìsì ni, tí iná bá jó o púpọ̀ zinc tí wọ́n fi bo ara ẹ̀ á máa ru èéfín funfun, àwọn tí wọ́n ń jó irin bẹ́ẹ̀ gan-an mọ̀ ọ́n, tó bá dalẹ́ ibà á kì wọ́n mọ́lẹ̀, ara á máa gbọ̀n. Irin dúdú lásán ni wọ́n lò. Ohun kan ṣoṣo tí mo ní sí wọn ni pé wọ́n kun ún ní ọ̀dà dúdú láìbi mí, wọ́n ní kó lè fani mọ́ra, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ọ̀dà yẹn fi ń rùn tó ń wú, àfi ìgbà tí mo fi sáńpépà ha á kúrò. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má kun tiyín.

Ó dáa, ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Mo fi fóònù wo aago ẹ̀ nílé. Omi sẹ́ńtílítà 50, ìyẹn ike kékeré kan, mo dé ìkòkò lórí, ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ló fi hó kútúkútú. Mo tún ṣe é láìdé e, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kọjá kò hó, ó kàn ń sẹ́ èéfín. Ẹ dé ìkòkò yín o. Omi kókó, omi tíì, Indomie ẹyọ kan, ẹyin méjì, ọbẹ̀ àná tẹ́ ẹ fẹ́ mú gbóná, ó tó bẹ́ẹ̀ ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ààwẹ̀ mo lò ó fún sààrì lójúlé, mi ò jí ẹnikẹ́ni pẹ̀lú ariwo, ìdí ìkòkò mi ò dúdú, ìyẹn dùn mọ́ mi nínú púpọ̀ torí kẹrosínì á ti sọ ọ́ di èédú. Ẹ̀wà ńkọ́? Kò lè ṣe é, ẹ má tiẹ̀ dán an wò. Àmàlà náà ò ṣeé rò lórí ẹ̀, bẹ́ ẹ bá ti ki ọmọ orógùn bọ̀ ọ́ gbogbo ẹ̀ á máa rìn.

Tó bá sì jẹ́ torí owó lẹ ṣe fẹ́ ẹ, ẹ lọ ra gáàsì. Agolo kan ní báyìí ti ń sún mọ́ owó kílò gáàsì kan, kílò gáàsì kan sì máa se nǹkan tí agolo mẹ́wàá ò ní sè. Wákàtí méjì ni wọ́n kọ sára agolo mi, nínú sítóófù yìí kò pé bẹ́ẹ̀, ogún ìṣẹ́jú máa ń dín torí ooru tó wà nínú ẹ̀ ń mú un jó kíá. Èmi ń jèrè torí àjẹkù òde ni mò ń lò. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó dé láti òkè òkun fún mi ní irú ohun ìdáná kan tó dà bí hóró oògùn, Esbit ti àwọn ará Jámánì, láti 1936 ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹn, ó gbóná dáadáa lóòótọ́, àmọ́ ó ń rùn bí ẹja, ó sì lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò mi bí oje. Jẹ́ẹ̀lì tẹ́ mi lọ́rùn jù ú lọ.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí ni mo fẹ́ sọ báyìí. Ní ọ̀sán gangan, ẹ ò ní rí iná yìí. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi rò pé ó ti kú, ó na ọwọ́ láti yọ agolo, gbogbo irun ẹ̀yìn ọwọ́ ẹ̀ ló jó, orí ló kó o yọ. Láti ọjọ́ náà, ọmọrí la fi ń pa á, a ó gbé e lé e lórí, a ó kà dé ọgbọ̀n, a ó ṣí i, a ó tún dé e padà. A kì í fẹ́ ẹ lẹ́nu. A kì í bu jẹ́ẹ̀lì kún agolo tó ń jó tàbí tó ṣì gbóná. A kì í lò ó nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé ẹ̀ pa, iná tí ò rí afẹ́fẹ́ tó máa ń tú gáàsì burúkú tí kò lóòórùn jáde, á sì pa èèyàn sójú oorun. Kí àwọn ọmọ má sì fọwọ́ kàn án kí wọ́n fi lá ẹnu, òmíràn nínú àwọn jẹ́ẹ̀lì yìí ní mẹ́tánọ́ọ̀lù nínú, irú sípírítì olóró kan, òun náà ló wà nínú ọtí tó pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Òndó, lọ́dún 2015, tó sì kọ́kọ́ fọ́ àwọn míì lójú.

Ìdí nìyí tí mi ò fi tíì gbé ọ̀kan lọ fún màmá mi ní Òmù-Àrán. Àwọn náà wà lọ́kàn mi nígbà tí mo ń ṣe é, torí wọ́n máa ń jí lóru wá tíì mu, kẹrosínì ń há wọn láyà, wọn ò lè gbé sílíńdà gáàsì. Ojú wọn ò ríran bíi tàtijọ́ mọ́, iná tí èmi tí mo ríran ò rí, báwo ni wọ́n ṣe máa rí i? Mo sọ ọ́ fún bàbá wẹ́dà. Wọ́n ronú títí, wọ́n ní àwọn máa jó ọmọrí mọ́ ọ̀pá gígùn kan tó máa wà lára sítóófù náà, pé tí màmá bá ti fà á nísàlẹ̀, á wó dé agolo fúnra ẹ̀ láìjẹ́ pé ọwọ́ wọn dé itòsí iná. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa lọ wò ó. Tó bá dáa màá gbé fọ́tò ẹ̀ síbí, tí kò bá dáa náà màá sọ.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà ni mo san, wọn ò gbowó kún un fún méjì tá a bàjẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wẹ́dà yín ṣe é, agolo ò ga bákan náà o, òmíràn fẹ̀ ó kúrú, òmíràn ga ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ gbé irú èyí tẹ́ ẹ máa ń rà dání lọ pẹ̀lú ìkòkò yín, kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú yín.