Mẹkáníìkì tó wo síárìn mi sàn

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Corolla 2008 mi fi ń fà sí òsì lẹ́yìn tí mo já sínú kòtò kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe alignment (títo ẹsẹ̀ táyà kí ó lè tọ́) níbòmíràn, owó gbé. Ó ṣì ń jẹ táyà lápá inú.

Mẹkáníìkì yìí tú knuckle òsì, ìyẹn irin tí ẹsẹ̀ táyà wà lára rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tòkunbọ̀ tí a rà ní ọjà Ládípọ̀ láti fi rọ́pò rẹ̀. "Mà, ẹ wo etí tí wọ́n fi dè é mọ́ ṣọ́kì, ó ti tẹ̀." Lóòótọ́ ni, ó fi bí ìbú èékánná tẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wù mí gan-an. Wáyà ló fi so kálípà bíréèkì kọ́ sára sípíríǹgì, kí ó má baà fa họ́ọ̀sì já. Kò fi òòlù lu bẹ́rìn-ìn tuntun wọlé, ẹ̀rọ ló fi tẹ̀ ẹ́. Pín gidi ló fi há nọ́ọ̀tì, kì í ṣe ìṣó táwọn kan máa ń kì bọ̀ ọ́.

Wákàtí mẹ́ta ló dá fún mi, ilẹ̀ ṣú kí n tó kúrò níbẹ̀. Ìyẹn dùn mí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn alignment, mo já sí ọ̀nà Ìbàdàn, síárìn dúró ṣinṣin.