Báfù onítáyà fún ọdún àwọn ọmọdé: àgbéyẹ̀wò láti agbo ilé kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin)

Ọjà tí à ń yẹ̀ wò ni báfù ńlá onítáyà tó ń lo bátìrì, èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní íǹṣì 12, tó ní máìkì méjì tí kò ní wáyà, ihò fíláàṣì, ihò káàdì àti Bluetooth. Orúkọ tó wà lára rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan. Ní ọjà Ouando àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó ọjà wọlé láti Èkó, àpótí kan náà ni wọ́n ń lẹ orúkọ márùn-ún mẹ́fà mọ́. Ìsinmi ọdún la torí rẹ̀ rà á, láti ìgbà tí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi ní oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ 10 oṣù Kìíní. Nínú agbo ilé tí ọmọ pọ̀ sí, gbogbo rẹ̀ ló máa ń wọ́ tẹ̀ léra: àkọ́sórí Kérésì, orin àwọn ọmọ ilé-kéwú lọ́jọ́ wòlímọ̀, ọjọ́ìbí tó ń jálu ọjọ́ìbí, àti eré tí àwọn ọmọ tó ti Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wá fẹ́ ṣe fún ìyá àgbà.

Ó yẹ ní rírà, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ariwo. Máìkì àti bátìrì ni kí ẹ wò kí ẹ tó sanwó. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú irọ́ ara páálí. Wọ́n kọ 1000W (wáàtì, ìwọ̀n bó ṣe ń jẹ iná tó) gàdàgbà síwájú. Bátìrì tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ fólítì 12, 7Ah (Ah ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè tọ́jú). Tí ẹ bá sọ 12 di ìlọ́po 7, 84Wh ni gbogbo agbára tó ní. Bó bá ń jẹ 1000W lóòótọ́, láàárín ìṣẹ́jú 5 ni yóò ti kú fin-in. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé, bí ohùn bá wà ní ìwọ̀n tó kárí àgbàlá, tó ń jẹ bíi 20W, ẹ ó rí wákàtí 4 lò. Ìyẹn tó fún àkọ́sórí, gátò gígé àti ijó. Ẹni tó bá yí i dé òpin, tó tún tan àwọn iná aláràbarà iwájú rẹ̀, kò ní rí ju wákàtí 2 lọ. Ẹ pa iná yẹn lọ́sàn-án. Ta ló tilẹ̀ ń rí i nínú oòrùn?

Àwọn kan ń fi bátìrì 4.5Ah sínú àpótí tí wọ́n kọ 7Ah sí. Ẹ ní kí ọlọ́jà tú síkúrù ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ fojú ara yín rí i. 7Ah máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15, 4.5Ah kò ju bíi 9 lọ. Ọlọ́jà tó bá ní òun ò tú u, ẹ fi tiẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Bátìrì òjé ni, kò sì fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀ lófo. Ohun tó ń pa á ní ọ̀pọ̀ ilé nìyẹn: wọ́n á lò ó tán lọ́jọ́ ọdún, wọ́n á tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di Ọdún Àjíǹde kó tó tún jáde, kò sì ní gba iná mọ́. Alẹ́ ọjọ́ tí ẹ lò ó ni kí ẹ fi í sí iná, wákàtí 6 sí 8. Lẹ́yìn ọdún, ẹ máa fi í sí iná lẹ́ẹ̀kan lóṣù bí ẹ ò tilẹ̀ lò ó. Bí bátìrì bá sì ti kú, ẹ má ju báfù nù: irú rẹ̀ kan náà wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún UPS (àpótí bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró bí iná bá lọ) ṣe. Wáyà pupa sí àmì ìròpọ̀, dúdú sí àmì ìyọkúrò. Bí ẹ bá gbé e kọdí síra wọn, bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ á jó.

Èyí tó bá ti Èkó wá máa ń ní orí wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ. Ihò iná tiwa, ẹsẹ̀ róbótó méjì ló ń gbà. Ẹ ra adápítọ̀ tó mú ṣinṣin. Èyí tó bá ń mì á gbóná, á sì yọ́. Bí iná bá lọ, ẹ yọ ọ́ kúrò lára ògiri, kí ẹ má sì tún kì í bọ ihò títí iná tó dé á fi dúró fún bí ìṣẹ́jú 10. Agbára tí iná fi ń padà dé ló ń ba ṣájà jẹ́.

Ó wá ku máìkì. Èyí tó bá a wá nínú páálí ni ibi tó burú jù lára ọjà yìí. Nínú èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, ìkànnì kan náà ni máìkì méjèèjì ń lò, nítorí náà bí ọmọ méjì bá fẹ́ jọ kọrin, ọ̀kan á gbé ohùn èkejì mì. Ó tún kù. Lọ́sẹ̀ Kérésì, bí ilé kejì bá ra irú báfù kan náà, ewì ọmọ yín lè jáde lágbàlá wọn. Èyí tí wọ́n kọ UHF (irú ìgbì rédíò kan) sí, tó sì ní bọ́tìnì tí a fi ń yí ìkànnì padà, ni kí ẹ béèrè. Nílé ìtajà, ẹ tan méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹnì kan dúró ti báfù, kí èkejì rìn tó ìṣísẹ̀ 15 kọjá ògiri kan, kí àwọn méjèèjì jọ sọ̀rọ̀. Bí ohùn kan bá já, ẹ dá a padà.

Kódà kí méjèèjì dára, ẹ ra ẹyọ kan tó ní wáyà, tí ẹnu wáyà rẹ̀ jẹ́ 6.35mm, kí ẹ fi pamọ́ sẹ́yìn báfù. Tí bátìrì kékeré inú máìkì bá ń kú lọ, kì í kú lẹ́ẹ̀kan: ohùn á máa já, á máa ṣe ṣìì, ọmọ á sì rò pé òun ló ṣìwí.

Bí báfù bá ń han gooro, ohùn tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ló ń padà wọnú máìkì, tó tún ń jáde. Ẹ gbé báfù síwájú ọmọ, sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó kọjú sí àwọn tó ń wòran. Kí ó má ṣe wà lẹ́yìn ọmọ. Àwọn ọmọkùnrin sì fẹ́ràn láti fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí máìkì bí àwọn olórin tí wọ́n ń rí lórí fóònù. Ìyẹn gan-an ló ń mú kó han. Kí wọ́n di ọrùn rẹ̀ mú, kí orí rẹ̀ jìnnà sí ẹnu tó ìka mẹ́rin.

Ọmọ ọdún mẹ́rin kò lè di máìkì mú kó sì tún rántí ewì. Apá á ro ó ní ìlà kẹta, máìkì á sọ̀ kalẹ̀ sí ìdodo, a ò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Òpó máìkì tí wọ́n ń tà kì í sì í lọ sílẹ̀ tó fún un. Ẹ mú àga rọ́bà kan, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí ọmọ, ẹ fi rọ́bà tí ẹ gé lára túùbù kẹ̀kẹ́ so máìkì mọ́ orí ẹ̀yìn àga náà, kí orí rẹ̀ yọ síta díẹ̀ kó sì kọjú sí àgbọ̀n. Ọwọ́ ọmọ ti ṣófo, ó lè fi ṣe ìṣe ewì rẹ̀. Ẹ lẹ téèpù mọ́ bọ́tìnì ìtàn-pa, torí ìka ọmọdé kì í sinmi.

Bọ́tìnì ẹ́kò (èyí tó ń mú kí ohùn máa tún ara rẹ̀ sọ): ọlọ́jà máa ń yí i dé òkè kó lè dùn létí yín. Fún àkọ́sórí, ẹ pa á pátápátá, kí ẹ sì dín báàsì kù. Kí ẹ́kò padà di ìgbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá bá gba máìkì láti ṣàdúrà. Òun ni tirẹ̀ yẹ.

Orin: fíláàṣì tó jẹ́ FAT32 ni báfù yìí ń kà dáadáa, púpọ̀ nínú wọn kò mọ exFAT tàbí NTFS (ọ̀nà tí a ń gbà to fáìlì sínú fíláàṣì ni gbogbo wọn). MP3 ni kí orin jẹ́. Ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò ní dún láti orí fíláàṣì, ẹ fi Bluetooth gbé e. Ẹ kọ 01, 02, 03 síwájú orúkọ orin bí àwọn ọmọ ṣe máa tò jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ orin ijó á bẹ́ sáàárín orin ìjọ́sìn. Bí ẹ bá ń lo fóònù, ẹ fi sí ipò ọkọ̀ òfuurufú, kí ẹ tó tún tan Bluetooth. Lọ́jọ́ ọdún gbogbo ayé ló ń pe ara wọn, ìpè kan ṣoṣo ló sì máa dá ijó dúró.

Fún ọjọ́ìbí, kò sí wàhálà púpọ̀. Ẹ pa ọjọ́ìbí tó súnmọ́ra pọ̀ sí ọ̀sán kan, kí orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan ní orin tirẹ̀ lórí fíláàṣì, kí ẹ sì jẹ́ kí àga àwọn ọmọ jìnnà sí báfù tó mítà 3. Àwọn kéékèèké fẹ́ràn láti gbé etí lé e.

Bí àwọn ọmọ Kaleta (eré ìbòjú àwọn ọmọdé lásìkò ọdún) bá ti fi ìbòjú àti agolo wọn wọlé, ẹ pa báfù. Ìlù wọn kò fẹ́ olùrànlọ́wọ́, ó sì ṣòro kí wọ́n jó kí ẹ tún máa lu orin fóònù mọ́ wọn lórí. Ẹ wá owó ẹyọ 50 àti 100 sílẹ̀ fún wọn.

Táyà rẹ̀ wà fún ilẹ̀ sìmẹ́ńtì nìkan. Nínú iyanrìn àgbàlá kò ní yí. Ẹ gbé e, ẹ má fa ọwọ́ rẹ̀, torí ọwọ́ yẹn ló máa ń kọ́kọ́ kán. Ẹni tó bá ń gbé e gba Sákẹ́tẹ́ àti Pobè lọ sí Kétu, kó fi aṣọ tó nípọn wé e, kó gbé e nàró, kó má dojú rẹ̀ bolẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, eruku á kún iwájú rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbọ̀n ọ́n, kí omi má kàn án.

Ilé tí ọmọ rẹ̀ kò ju mẹ́ta mẹ́rin lọ kò nílò rẹ̀; kí wọ́n yá a lọ́wọ́ àwọn tó ń yáni ní àga àti àtíbàbà. Ẹni tó ń yá a ní ìgbà mẹ́fà tàbí méje lọ́dún kan ni kó ra tirẹ̀, kó sì fi owó máìkì oníwáyà àti adápítọ̀ kún iye tí ọlọ́jà bá pè.