Orvieto: Kànga ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ wò

Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ti Róòmù lọ sí Orvieto, ìlú kan ní Ítálì, máa ń sáré lọ wò. Ṣọ́ọ̀ṣì náà rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mí bí ẹnì kan bá dé ìlú yẹn tí kò sọ̀kalẹ̀ sínú kànga San Patrizio.

Orí àpáta ni ìlú wà, ìsàlẹ̀ sì ni ọkọ̀ ojú irin máa já yín sí. Ọkọ̀ kékeré tí okùn irin ń fà gòkè wà níwájú ibùdókọ̀ gan-an. Láti 1888 ló ti wà. Omi ló ń fà á nígbà yẹn, iná mànàmáná ló ń lò báyìí. Ó dẹ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lára púpọ̀, torí orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu. Bẹ́ ẹ bá ti bọ́ sílẹ̀ lókè, kànga ò jìnnà mọ́.

Póòpù Clement Keje ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Nígbà tí ogun kó Róòmù ní 1527, Orvieto ló sá wá, ẹ̀rù sì ń bà á pé bí ọ̀tá bá dó ti ìlú, omi lè tán. Antonio da Sangallo, ayàwòrán ilé, ló gba iṣẹ́ náà. Póòpù ti kú kí wọ́n tó parí rẹ̀ ní 1537. Ó jìn tó mítà 53. Àtẹ̀gùn méjì ló lọ́ yí i ká: ìbaaka tó ń lọ pọnmi ń gba ọ̀kan, èyí tó ti rù ú ń gba èkejì, wọn ò sì ní pàdé. Ìgbésẹ̀ 248 ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n fẹ̀, wọn ò ga, torí ẹsẹ̀ ẹran ni wọ́n ṣe é fún. Mo yọjú lójú ọ̀kan nínú fèrèsé 72 tó wà níbẹ̀, mo rí ọmọ kékeré kan tó ń gòkè lódìkejì. Ó juwọ́ sí mi, èmi náà juwọ́. Afárá kékeré ló so ọ̀nà méjèèjì pọ̀ nísàlẹ̀.

Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, ó sì ń yọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi wọ̀ ọ́. Wọ́n jókòó sínú ọgbà Fortezza Albornoz, odi àtijọ́ kan nítòsí.

Àwọn Etruscan, ẹ̀yà kan tó gbé ní Ítálì láyé àtijọ́, ti ń gbẹ́ àpáta yìí kí Róòmù tó pa ìlú wọn run ní 264 ṣáájú ìbí Kristi. Ihò tó lé ní 1,000 ló wà lábẹ́ ìlú. Nínú àwọn kan, wọ́n gbẹ́ ilé ẹyẹlé sára ògiri lẹ́sẹẹsẹ. Ẹyẹlé á gba fèrèsé jáde lọ wá oúnjẹ fúnra rẹ̀, onílé á sì máa rí ẹran jẹ.

Ẹ wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú, ẹ mú ẹ̀wù òtútù dání, kódà nígbà ooru, kẹ́ ẹ sì lọ láàárọ̀ kí èrò tó pọ̀ lórí àtẹ̀gùn.